Ariwo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù: kí ni fáànù AC ọkọ̀ yín ń sọ?

Lọ́tẹ̀ yìí, ariwo la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Kì í ṣe ti jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Èyí tó máa ń jáde lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ ni mò ń sọ, níbi tí ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà ń na ẹsẹ̀ sí, tẹ́ ẹ bá ti tan AC báyìí. Nínú ọkọ̀ kan, ó máa ń ké bí ọmọ ológbò. Nínú òmíràn, ó ń dún tàkà-tàkà-tàkà bí ìgbà tí ọmọdé ń fi igi gbá páànù. Nínú òmíràn ẹ̀wẹ̀, gbogbo dáṣíbọ́ọ̀dù ló ń gbọ̀n. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe ni pé ká pa á, ká sọ gíláàsì ẹ̀gbẹ́ kalẹ̀, ká gba atẹ́gùn Ọlọ́run.

Kò burú, tó bá jẹ́ oṣù Kejì la wà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí òjò oṣù Keje ká yín mọ́ ojú títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, kí èèyàn márùn-ún wà nínú ọkọ̀, kí gbogbo gíláàsì sì wà ní títì pa. Èémí tí gbogbo yín ń mí síta kún fún omi tí ojú ò rí. Òjò ti sọ gíláàsì iwájú di tútù láti ìta. Bí èémí yẹn bá ṣe ń kan gíláàsì tútù náà, omi inú ẹ̀ á máa sẹ̀ sójú gíláàsì bí ìrì. Kò ní pẹ́ tí gbogbo nǹkan á fi di funfun. Ohun tó ń yanjú ẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ darí atẹ́gùn AC sí gíláàsì iwájú: AC á ti gba omi kúrò lára atẹ́gùn náà kó tó dé ibẹ̀, atẹ́gùn gbígbẹ á sì gbé ìrì náà lọ. Fáànù kan ṣoṣo ló sì ń ti atẹ́gùn yẹn jáde, fáànù tẹ́ ẹ pa torí pé ó ń pariwo. Tó bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, áńkáṣíìfù lẹ máa fi máa nu gíláàsì, ọwọ́ kan lórí sitiarín, tírélà níwájú.

Fáànù kan náà ni fún hítà o. Ẹ̀yin ará wa tó wà ní London tàbí Chicago, ẹ mọ ohun tí mò ń wí dáadáa, torí omi gbígbóná tó ń ti ẹ́ńjìnì wá ló ń mú atẹ́gùn lọ́yàyà, fáànù yìí ló sì ń fẹ́ ẹ kàn yín lára nígbà òtútù. Níbí, ọ̀pọ̀ wa ò tan hítà rí láyé wa. Síbẹ̀, ọkọ̀ tí wọ́n fi ṣe tòkunbọ̀ tẹ́ ẹ rà yẹn, fáànù ẹ̀ lè ti fi ọ̀pọ̀ ọdún fẹ́ hítà lókè òkun kó tó wá máa fẹ́ AC fún yín ní Ṣómólú.

Àwọn rìwáyà àti àwọn oní-AC máa ń pè é ní búlówà. Èmi náà máa pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ má wò ó bíi fáànù òkè àjà. Ó jọ agbọ̀n kékeré tí ògiri ẹ̀ jẹ́ kìkì abẹ́ pẹlẹbẹ tín-ín-rín, wọ́n lè tó ogójì, wọ́n tò ó yípo. Tí agbọ̀n yìí bá ń yí, á fa atẹ́gùn wọlé láti ẹnu agbọ̀n, á sì jù ú síta láti ẹ̀gbẹ́. Nísàlẹ̀ ẹ̀ ni máṣíìnì kékeré tó ń lo iná volt 12 wà, òun ló ń yí i. (Mo mọ̀ọ́mọ̀ ń pè é ní máṣíìnì. Tí mo bá ní “mọ́tò”, ẹ máa rò pé ọkọ̀ ni mò ń sọ.)

Ìgbọ̀nrìrì nǹkan ni mò ń ṣèwádìí lé lórí fún másítà mi nínú físíìsì, nítorí náà gbogbo ẹbí ti gbà pé mẹkáníìkì ni mí. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Àmọ́ ohun kan wà tí ẹ̀kọ́ yẹn kọ́ mi tó wúlò fún ẹnikẹ́ni tó ní ọkọ̀: ariwo kì í ṣàdédé wá. Ohun tó ń yí, bó ṣe ń yí ló ṣe ń ké. Tẹ́ ẹ bá fetí sílẹ̀ dáadáa fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ lè mọ ohun tó ń ṣe é kí ẹnikẹ́ni tó mú sikurudiráfà jáde, kí ẹnikẹ́ni sì tó pe owó fún yín.

Ẹ wá ibi tó dákẹ́. Ẹ má tan ẹ́ńjìnì, ẹ kàn yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù á ti tàn. Báyìí, ẹ́ńjìnì ò dún, kọ̀ǹpírésọ̀ AC náà ò dún, búlówà nìkan ló kù. Ẹ fi í sí 1, kẹ́ ẹ dúró. Ẹ fi í sí 2, ẹ dúró, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé 4. Tí ariwo náà bá ń yára bí fáànù ṣe ń yára, búlówà ni. Tí ẹ bá pa fáànù pátápátá tí ariwo ṣì ń bẹ, ẹ gbàgbé búlówà. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ní àwòrán ọkọ̀ àti ọfà tó ṣẹ́ kọ́rọ́, èyí tó ń jẹ́ kí fáànù máa fa atẹ́gùn inú ọkọ̀ dípò ti ìta. Tí ariwo bá yí padà nígbà tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nǹkan kan ló há sí ọ̀nà tí atẹ́gùn ìta ń gbà wọlé.

Àǹtí mi kan ní Ìbàdàn ní Corolla 2005. Tàkà-tàkà ni tiwọn. Oní-AC kan ti sọ fún wọn pé àfi kí wọ́n tú dáṣíbọ́ọ̀dù, kí wọ́n sì ra búlówà míì, iye tó pè sì lé ní ohun tí wọ́n ń pa ní ṣọ́ọ̀bù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n wá pè mí. “Ọmọ físíìsì, wá bá mi gbọ́ ohun tí ọkọ̀ yìí ń sọ.”

Mo ní, “Àǹtí, ẹ kú ojú lọ́nà. Ìgbà wo gan-an ló bẹ̀rẹ̀?”

“Ọjọ́ kejì tí wọ́n pààrọ̀ fílítà ẹ̀ ni. Mo tiẹ̀ rò pé ayédèrú fílítà ni wọ́n fi síbẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Nínú irú Corolla yẹn, òkè búlówà gan-an ni fílítà atẹ́gùn wà. Ewé àti èérún tó bá gba abẹ́ wáípà wọlé, orí fílítà ló ń gúnlẹ̀ sí. Nígbà tí ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀ bá fà á yọ láìrọra, gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀ á dà sínú agbọ̀n fáànù. Ọ̀nà tí mo gbà mọ̀ nìyẹn, mi ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Nígbà tá a tú u, a bá ewé mẹ́ta àti ọ̀pá ewé igi fúrúùtù kan níbẹ̀ (abẹ́ igi fúrúùtù ni wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí), pẹ̀lú àjákù ọ̀rá omi kan. Ọ̀pá ewé yẹn ló ń gbá ara ilé fáànù ní gbogbo ìgbà tó bá yí ká. A ò ra nǹkan kan.

Ẹ lè ní, ewé lásán? Báwo ni ewé ṣe lè mú odindi dáṣíbọ́ọ̀dù gbọ̀n? Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní èérún kan tí kò ju gíráàmù 1 lọ há sí ẹ̀gbẹ́ fáànù, tó sì fi sẹ̀ǹtímítà 7 jìnnà sí àárín. Ká ní fáànù náà ń yí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láti mọ agbára tí èérún yẹn fi ń fa fáànù síta, ẹ máa fi ìwọ̀n èérún náà lọ́po jíjìnnà ẹ̀ sí àárín, kẹ́ ẹ wá fi ìyára yíyí lọ́po ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tẹ́ ẹ máa rí sún mọ́ newton 7. Ìyẹn ni pé gíráàmù 1 ń fa ọ̀pá àárín fáànù bí ẹni pé wọ́n gbé ẹrù gíráàmù 700 kọ́ ọ lára, ó sì ń fà á yípo, nígbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá dín ìyára kù sí ìdajì, agbára yẹn á wálẹ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí ariwo tó bá jẹ́ ti ẹrù tí kò dọ́gba fi máa ń jẹ́ẹ́jẹ́ ní 1, tó sì máa ń ya wèrè ní 4.

Kò pọn dandan kó jẹ́ ewé. Eruku ọyẹ́ lásán lè ṣe é, tó bá dì mọ́ abẹ́ fáànù lápá kan ju apá kejì lọ. Tẹ́ ẹ bá yọ búlówà, ẹ wo ara agbọ̀n náà dáadáa: ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí irin kékeré kan tàbí méjì tí wọ́n fi há abẹ́ lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́! Ilé iṣẹ́ tó ṣe fáànù ló mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀ kó lè dọ́gba, bíi òjé kékeré tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ríìmù tí wọ́n bá ń ṣe balancing táyà. Mo ti rí ẹni tó fọ fáànù tó mọ́ tónítóní, tó yọ irin yẹn dànù pé ìdọ̀tí ni, ariwo wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní ti igbe, èyí tó ń ké fíìn-fíìn bí ọmọ ológbò, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn, òun sì ni mo fẹ́ràn jù. Nínú ọ̀pọ̀ búlówà, ọ̀pá tó ń yí kò jókòó sórí bọ́ọ̀lù irin. Inú búṣì ló wà. Búṣì yìí kì í ṣe idẹ lásán: ìyẹ̀fun idẹ ni wọ́n tẹ̀ pọ̀ tí wọ́n sì fi iná sè títí ó fi lẹ̀ mọ́ra, ó sì kún fún ihò kéékèèké tí ojú ò lè rí, bíi kànrìnkàn. Wọ́n wá rẹ ẹ́ sínú òróró kí òróró lè kún inú ihò náà. Tí ọ̀pá bá ń yí, tí búṣì sì gbóná díẹ̀, òróró á jáde wá sí ojú ibi tí wọ́n ti ń fara kanra. Tó bá tutù, ihò á fa òróró náà padà sínú. Ọgbọ́n ńlá ni, torí ẹ̀ ni ẹ kì í fi í ta epo sí búlówà fún ọdún mẹ́wàá tí á sì máa ṣiṣẹ́.

Ohun tó ń bà á jẹ́ ni ọjọ́ orí àti eruku. Òróró á gbẹ díẹ̀díẹ̀, eruku á pò mọ́ èyí tó kù, á di ẹrẹ̀. Ọ̀pá á wá máa lẹ̀, á máa já, á máa lẹ̀, á máa já, lọ́pọ̀ ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lílẹ̀ àti jíjá yẹn lẹ ń gbọ́ bí igbe. Ìdí kan náà ló ń mú kí ilẹ̀kùn tí kò rí epo máa ké. Ẹ máa ṣàkíyèsí pé àárọ̀ kùtù ló máa ń ké jù, pàápàá lásìkò ọyẹ́, tó bá ti ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ á dákẹ́. Òróró tó kù nínú ẹ̀ ló ki nígbà tó tutù, tó sì wá ṣàn nígbà tó gbóná. Tẹ́ ẹ bá ti ń rí èyí, búlówà yín ti ń darúgbó, àmọ́ kò tíì kú.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fọ́n WD-40 sí i. Á dákẹ́ lóòótọ́, ẹ máa yọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀, ó tiẹ̀ lè le ju ti tẹ́lẹ̀. Púpọ̀ nínú nǹkan yẹn jẹ́ èyí tó ń fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́, á sì fọ òróró àtijọ́ tó kù nínú ihò búṣì dànù. Ohun tó dáa jù ni òróró tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn aránṣọ ń ta sí máṣíìnì wọn. Ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta síbi tí ọ̀pá ti wọnú máṣíìnì, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ yí i fún ìgbà díẹ̀ kó lè wọlé. Ẹ má dà á gọbọi, torí kábọ́ọ̀nù wà nínú níbẹ̀, òróró kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá di fáànù mú tẹ́ ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì, tí ọ̀pá sì ń mì gọ́gọ́, búṣì ti jẹ tán nìyẹn. Òróró ò lè dá irin tó ti jẹ padà. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀.

Kábọ́ọ̀nù tí mo dárúkọ yẹn ni ẹyọ kékeré méjì tó ń gbé iná fún apá tó ń yí. Bó ṣe ń fara gbo ó, bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ. Tó bá ti kúrú, á máa fò, ẹ máa gbọ́ ohùn gbígbẹ bí ẹni ń ha igi, fáànù á máa yára, á máa fà, nígbà míì tẹ́ ẹ bá fẹsẹ̀ gbá abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, á jí. Tí òórùn iná bá wá dara pọ̀ mọ́ ọn, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀.

Ibí ni ewu wà. Máṣíìnì tó ń yí tipátipá máa ń fa iná ju bó ṣe yẹ lọ. Iná tó pọ̀ yẹn á gba inú wáyà, ṣọ́kẹ́ẹ̀tì àti rẹ̀sísítọ̀ tó ń dín ìyára fáànù kù kọjá. Mo ti rí ṣọ́kẹ́ẹ̀tì búlówà tó yọ́ bí àbẹ́là. Ẹ tún lè rí i pé 1, 2 àti 3 ò ṣiṣẹ́ mọ́, àfi 4 nìkan: rẹ̀sísítọ̀ ló jó, torí 4 kì í gba inú ẹ̀ kọjá. Rìwáyà á pààrọ̀ ẹ̀, kò ní pẹ́, á tún jó. Tó bá ti jó lẹ́ẹ̀kejì, ẹ bi wọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti wo búlówà fúnra ẹ̀?” Òun ló ń jó o. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fíúsì tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i pé kó má baà máa já mọ́. Iṣẹ́ fíúsì ni kó já kí wáyà má baà gbiná.

Tó bá jẹ́ kẹ̀kẹ̀kẹ̀ lẹ ń gbọ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan nígbà tẹ́ ẹ yí atẹ́gùn láti ẹsẹ̀ sí ojú, tó sì dákẹ́, kì í ṣe búlówà. Jíà oníke tó ń ṣí ilẹ̀kùn atẹ́gùn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù ló ti já eyín.

Yíyọ ọ́ kò le nínú ọ̀pọ̀ Toyota. Ẹ yọ orí bátìrì tó ní àmì ìyọkúrò ná, kẹ́ ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, torí ẹ́ábáàgì ẹni ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà wà lókè ibẹ̀. Wáyà tàbí ṣọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá ní àwọ̀ ìyeyè, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ wo abẹ́ pigeonhole lókè: ẹ máa rí nǹkan róbótó dúdú kan tí wáyà ń wọ̀. Ẹ yọ wáyà yẹn, ẹ tú síkúrù tó dì í mú, ó sábà máa ń jẹ́ mẹ́ta, ẹ sì fi ọwọ́ kejì gbé e kó má baà já lé yín lójú. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kẹ́ ẹ fi gbọn eruku ara ẹ̀. Ẹ má ti máṣíìnì bọ omi.

Tó bá wá di pé ẹ fẹ́ ra tòkunbọ̀, ní Ládípọ̀ tàbí ní Gate n’Ìbàdàn, ẹ gbé èyí tẹ́ ẹ yọ dání, kí ṣọ́kẹ́ẹ̀tì àti gíga fáànù lè bára mu. Ẹ ní kí wọ́n fi bátìrì tàn án lójú yín, ẹ sì dì í mú lọ́wọ́ bó ṣe ń yí. Ariwo ọjà ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ igbe, àmọ́ ọwọ́ yín á gbọ́ bó bá ń gbọ̀n. Ẹ wo ibi tó ń yí sí pẹ̀lú. Èyí tó ń yí sí òdìkejì máa ń fẹ́ díẹ̀, ẹ máa rò pé AC ni kò tutù mọ́.

Ní ti fílítà, láàárín kìlómítà 15,000 sí 30,000 ni àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ sábà máa ń ní ká pààrọ̀ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń gba ojú ọ̀nà eléruku, ẹ má dúró dìgbà yẹn. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí mo ti wò, fílítà ò sí níbẹ̀ rárá, wọ́n ti yọ ọ́ dànù pé kò jẹ́ kí AC fẹ́ dáadáa. Nígbà míì, ìtẹ́ eku lẹ máa bá, pẹ̀lú ìwé àti fóòmù tí wọ́n ti gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ẹ bo imú yín kẹ́ ẹ tó kó o, ẹ má gbá a ní gbígbẹ, torí ìtọ̀ eku tó wà lára ẹ̀ lè fa àìsàn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ihò tó wà lábẹ́ wáípà níta. Àwọ̀n irin tín-ín-rín tí wọ́n ń fi sójú fèrèsé lè dí eku àti ewé lọ́nà níbẹ̀. Ihò tí omi òjò ń gbà jáde nìkan ni kẹ́ ẹ má dí, torí tí omi bá kún ibẹ̀, inú búlówà yẹn náà ló máa gbà wọlé.